Pàṣán ni wọ́n fi wọ́n ṣe: àwọn akiri-ọjà London nínú àwòrán ẹ̀fẹ̀ àtijọ́

Alága, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ dúró lẹ́yìn nítorí pé àga kò kárí, mo kí gbogbo yín. Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí àwòrán, ṣùgbọ́n owó ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀.

Lọ́dún 1751, William Hogarth, ayàwòrán tí gbogbo London mọ̀ bí ẹní mowó, tẹ àwòrán méjì jáde: Beer Street àti Gin Lane. Jíìnì ló ń bá jà. Ó fẹ́ kí mẹ̀kúnnù fojú ara rẹ̀ rí ohun tí ọtí líle ń fi í ṣe, ìdí nìyẹn tó fi ní òun ò gbé owó lé e púpọ̀. Ṣílè kan ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ná owó ṣílè rí mọ̀ pé tọ́rọ́ mẹ́rin ló wà nínú ṣílè kan, ìyẹn pẹ́ńsì 12. Ó dáa. Lọ́dún 1799, Thomas Rowlandson, ayàwòrán ẹ̀fẹ̀, ya ẹni tó ń kiri búrẹ́dì aládùn tí wọ́n máa ń jẹ lásìkò Ọjọ́ Ẹtì Rere, ó sì kọ ìpolówó ọjà náà sísàlẹ̀ àwòrán: méjì fún pẹ́ńsì kan. Ẹni yẹn ní láti ta búrẹ́dì 24 kó tó rí ṣílè kan, a ò tíì yọ owó ìyẹ̀fun, a ò tíì yọ owó igi. Ta ló máa wá kó irú owó bẹ́ẹ̀ lé bébà kan lórí?

Nítorí náà, àwọn tó wà nínú àwòrán kọ́ ló ń ra àwòrán. Ẹni tó ń rà á ni ẹni tí akiri-ọjà ń kan ìlẹ̀kùn rẹ̀ láàárọ̀, tó ń jí i lójú oorun, tó ń bá a dúnàádúrà. Bí a bá ti mọ èyí, ohun tí mo fẹ́ sọ kò le láti gbọ́. Nínú àwòrán ẹ̀fẹ̀ London, láti nǹkan bí ọdún 1730 sí 1830, kì í sábàá ṣe akiri-ọjà gan-an ni wọ́n ń fi ṣẹ̀sín. Pàṣán ni wọ́n fi í ṣe. Wọ́n mú un dání láti fi na ẹlòmíì: ọba, ìjòyè, àjèjì, ọlọ́lá tí kò níwà. Ẹni tí wọ́n bá sì fi ṣe pàṣán, kò sẹ́ni tó ń bi í bóyá ọwọ́ tó dì í mú ń dùn ún.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe àwòrán náà, torí ó wúlò. Pẹlẹbẹ bàbà ni wọ́n ń lò. Wọ́n á fi ìda bò ó, ayàwòrán á mú abẹ́rẹ́, á fi ha ìda náà kúrò níbi tó bá fẹ́ kí ìlà wà. Wọ́n á da ásíìdì sí i, ásíìdì á jẹ bàbà níbi tí ìda ti ṣí. Wọ́n á fi yíǹkì kún ojú ìlà náà, wọ́n á gbé bébà tútù lé e, wọ́n á tẹ̀ ẹ́. Ohun tó bá wà lọ́wọ́ ọ̀tún lórí bàbà á bọ́ sí ọwọ́ òsì lórí bébà, nítorí náà ṣe ni ayàwòrán ń kọ gbogbo ọ̀rọ̀ sẹ́yìn-sẹ́yìn. Ẹni bá ti rí àwòrán James Gillray, ayàwòrán ẹ̀fẹ̀, tó kún fún ọ̀rọ̀ wẹ́wẹ́wẹ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀, á mọ̀ pé iṣẹ́ nìyẹn. Lẹ́yìn èyí ni àwọn tó ń kun àwọ̀ á wá fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìlà kékeré kan tún máa ń wà nísàlẹ̀: orúkọ ẹni tó tẹ̀ ẹ́, àdírẹ́sì rẹ̀, ọjọ́ tó jáde. Hogarth wà lára àwọn tó jà kí òfin lè dá ẹ̀tọ́ ayàwòrán mọ̀. Òfin náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 1735, ó sì fún wọn ní ọdún 14 tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jí àwòrán wọn tẹ̀. Òfin yẹn ló jẹ́ ká lè sọ ọjọ́ orí ọ̀pọ̀ àwòrán wọ̀nyí gééré lónìí.

Ibi tí wọ́n ti ń tà wọ́n ni ṣọ́ọ̀bù bíi ti Hannah Humphrey, ní ilé kẹtàdínlọ́gbọ̀n, St James's Street. Gillray ń gbé lókè ṣọ́ọ̀bù náà, obìnrin yìí nìkan ló sì ń bá ta ọ̀pọ̀ jù lọ iṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n máa ń to àwòrán sí ojú fèrèsé gíláàsì, àwọn èèyàn á kó ara wọn jọ síwájú rẹ̀, wọ́n á máa fi ìka tọ́ka, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín. Gillray pàápàá fi ìran yẹn sínú àwòrán kan tó jáde ní oṣù kejì ọdún 1808. Ẹni tí kò lè ra àwòrán lè wò ó níbẹ̀ láìsan kọ́bọ̀. Nítorí náà, akiri-ọjà tó ń kọjá lè bá ara rẹ̀ pàdé lójú gíláàsì yẹn, kí ó rí i pé wọ́n ti fi irú òun ṣe nǹkan.

Kí àwòrán ẹ̀fẹ̀ tó gbà wọ́n lọ́wọ́ onírúurú èèyàn, yíya akiri-ọjà ti di òwò tó lérè ní ilẹ̀ Yúróòpù. Annibale Carracci ya àwọn ti Bologna, wọ́n sì tẹ 80 jáde lọ́dún 1646. Bouchardon ya 60 ní Paris láàárín 1737 sí 1746. Ní London, Marcellus Laroon ló ya èyí tó lókìkí jù, Pierce Tempest sì bẹ̀rẹ̀ sí í tà á lọ́dún 1687. Àwòrán 74 ló di nígbẹ̀yìn. Bí Laroon ṣe ń ṣe é nìyí: akiri-ọjà kan ṣoṣo, ó dá dúró, kò sí ilé lẹ́yìn rẹ̀, kò sí oníbàárà níwájú rẹ̀, ìpolówó rẹ̀ wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó lẹ́wà. Ṣùgbọ́n ta ló rí akiri-ọjà tó ń kiri níbi tí kò ti séèyàn rí? Àwọn aláwàdà ni wọ́n dá wọn padà sáàárín ọjà, sáàárín ariwo, èmi sì rò pé gbèsè ọpẹ́ kékeré kan wà lọ́rùn wa fún wọn lórí ìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká wo ariwo náà dáadáa. Lọ́dún 1741, Hogarth tẹ àwòrán kan tó pè ní The Enraged Musician. Ọkùnrin kan wà lójú fèrèsé lápá òsì, ó wọṣọ olówó, fayolíìnì rẹ̀ wà níwájú rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di etí, ojú rẹ̀ ti bàjẹ́ fún ìbínú. Lábẹ́ fèrèsé rẹ̀, obìnrin kan gbé ọmọ ọwọ́, ó ń kọrin láti ta ìwé orin. Ọkùnrin kan ń fọn fèrè. Ẹnì kan ń pọ́n ọ̀bẹ lórí òkúta, ajá ń gbó mọ́ ọn. Ọmọdékùnrin kan ń lu ìlù, òmíràn ń tọ̀ sójú ọ̀nà, ọmọdébìnrin kan mú ohun ìṣeré aláriwo lọ́wọ́, ó ń wo ẹni tó ń tọ̀. Ọkùnrin ẹlẹ́ja kan la ẹnu, ẹja wà lórí rẹ̀. Ẹnì kan wà lórí ẹṣin tó ń fun ìwo. Ológbò ń jà lórí òrùlé. Ẹyẹ odídẹrẹ́ pàápàá kò gbẹ́yìn.

Láàárín gbogbo rẹ̀ ni oníwàrà dúró, ọmọbìnrin tó gbé garawa wàrà lé orí. Ẹ wo bí ó ṣe nà ró. Ẹni tó bá ti ru omi rí láti odò dé ilé mọ ọrùn yẹn. Mo máa ń pàdé àwọn ọmọ wa tí wọ́n bí síbí tí wọ́n rò pé dúdú nìkan ló ń fi orí ru ẹrù. Kí wọ́n lọ wo Hogarth, kí wọ́n wo Laroon, London kún fún obìnrin tó fi orí gbé ẹja, wàrà àti èso kiri láti àárọ̀ dé alẹ́. Ọmọbìnrin oníwàrà yìí la ẹnu, ó ń polówó, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ balẹ̀. Òun nìkan ni ara rẹ̀ balẹ̀ nínú gbogbo wọn, àwa tí à ń wo àwòrán ló sì ń wò, kì í ṣe ọkùnrin tó ń bínú.

Ta wá ni Hogarth ń bú? Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ariwo títì ló ń bú. N kò gbà. Lára ògiri ilé olórin náà, ó lẹ ìwé ìpolówó The Beggar's Opera mọ́ ọn, eré tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe lọ́dún 1728, tó kó orin títì àti olè London jọ láti fi àwọn eré olórin ará Ítálì tí àwọn ọlọ́lá ń náwó lé ṣe yẹ̀yẹ́. Ìwé yẹn ni kọ́kọ́rọ́ àwòrán náà. Olórin tó di etí dúró fún orin tí wọ́n kó wọ̀lú. Obìnrin oníwàrà àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dúró fún ohùn ìlú gan-an. Hogarth wà lẹ́yìn ariwo. Àmọ́ ẹ kíyè sí i pé kò wà lẹ́yìn oníwàrà nítorí oníwàrà. Kò bìkítà bóyá wàrà rẹ̀ tà. Ohun tó nílò ni ohùn rẹ̀ láti fi na olórin.

Ẹ padà sórí Beer Street àti Gin Lane pẹ̀lú ojú yìí. Ní Beer Street, àwọn ìyá ẹlẹ́ja méjì wà tí wọ́n sanra, ara wọn ń dán, wọ́n mú ìwé orin kan lọ́wọ́ tó ń yin iṣẹ́ pípa ẹja herring, èyí tí ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣe àtìlẹ́yìn fún nígbà náà. Ní Gin Lane, ọkùnrin kan tó ń kiri ìwé orin àti jíìnì jókòó sórí àtẹ̀gùn, egungun ìhà rẹ̀ ṣeé kà, ó ti ta aṣọ ara rẹ̀, agbọ̀n ọjà rẹ̀ àti ife ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ó ti kú, ó lè jẹ́ pé ó fẹ́ kú. Iṣẹ́ kiri kan náà, àwòrán méjì, ara méjì. Ti ẹlẹ́ja di ẹ̀rí pé ìlú ń gbèrú, ti ọkùnrin náà di ẹ̀rí pé ìlú ń bàjẹ́. Òfin jíìnì tuntun sì jáde lọ́dún yẹn kan náà.

Àwọn ẹlẹ́ja Billingsgate, ọjà ẹja London, ni wọ́n lò jù. Ẹnu wọn mú, ọwọ́ wọn sì le, kò sí ẹni tí kò mọ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá di ti Faransé, àwọn ni wọ́n máa ń gbé síwájú. Àwòrán kan wà láti àwọn ọdún 1770, Sal Dab giving Monsieur a Receipt in Full, tó fi ìyá ẹlẹ́ja kan hàn tó ń fi ẹ̀ṣẹ́ ṣe ọkùnrin Faransé kan tó múra bí ọkọ ìyàwó, nígbà tí ẹlòmíì gbé edé òkun ńlá oníẹ̀mú kan sí i nídìí láti ẹ̀yìn. Àwọn tó ra àwòrán yẹn láti gbé kọ́ sí yàrá wọn kò ní jẹ́ kí Sal Dab jókòó sórí àga wọn. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti ń lu Faransé, ọmọ ìyá ni wọ́n.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ sórí Tiddy-Doll, torí ìtàn rẹ̀ ló dùn mọ́ mi jù. Ọkùnrin gidi ni. Àkàrà òyìnbó alátalẹ̀ ló ń tà, èyí tí wọ́n máa ń gbẹ́ bí èèyàn tàbí ọba, tí wọ́n á fi wúrà fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ lẹ̀ mọ́ lójú kó lè máa dán. Ó máa ń múra bí ìjòyè: kóòtù onírìnwúrà, ìbọ̀sẹ̀ funfun, fìlà tí ìyẹ́ wà lára rẹ̀, ó wá so épúrọ́ọ̀nù mọ́dìí. Á máa polówó bí ẹni tó ń kéwì, á sì fi orin tí kò nítumọ̀ parí rẹ̀, ti-tiddy-doll, ibẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ ti wá. Hogarth yà á lọ́dún 1747, nínú àwòrán tí wọ́n ti ń mú Thomas Idle, ọmọṣẹ́ ọ̀lẹ inú ìtàn tí Hogarth fi àwòrán sọ, lọ so kọ́ ní Tyburn. Gbogbo ìlú ti jáde wá wòran. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń lọ kú, Tiddy-Doll ń ta àkàrà. Obìnrin kan wà níwájú gan-an, ó gbé ọmọ, ó mú bébà lọ́wọ́, ó ń ké: ọ̀rọ̀ ìkẹyìn ẹni tí wọ́n fẹ́ pa nìyí! Ẹni náà kò tíì dé ìdí igi o. Wọ́n ti tẹ ọ̀rọ̀ tó máa sọ kó tó kú, ó ti wà lọ́jà.

Ó ku díẹ̀ kó pé ọgọ́ta ọdún lẹ́yìn èyí kí Gillray tó jí orúkọ ọkùnrin yìí dìde. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1805, Napoleon fọ́ ẹgbẹ́ ọmọ ogun Austria àti Rọ́ṣíà ní Austerlitz. Nígbà tó di ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1806, àwọn olórí Bavaria àti Württemberg, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ti di ọba. Ní ọjọ́ 23 oṣù náà, Humphrey gbé àwòrán tuntun sójú gíláàsì: Tiddy-Doll, alákàrà ńlá ará Faransé, ń yọ àwọn ọba tuntun jáde nínú ààrò. Napoleon wọ bàtà gígùn àti fìlà ológun, ó so épúrọ́ọ̀nù, ó mú ọ̀pá alákàrà gígùn dání, ọba mẹ́ta tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jinná sì dúró lórí rẹ̀, wọ́n ń dán: Bavaria, Württemberg, Baden. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Talleyrand, mínísítà rẹ̀ tó ń tiro, ń po ìyẹ̀fun. Eérú àti àfọ́kù àkàrà wà nísàlẹ̀ ààrò, orúkọ àwọn ilẹ̀ tí Napoleon ti wó sì wà lára wọn, Holland àti Venice ń bẹ níbẹ̀. Lórí kọ́bọ́ọ̀dù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, àwọn ère ìyẹ̀fun kéékèèké kan ń dúró de ìgbà tiwọn. Ẹni tó bá wò wọ́n lójú á rí i pé àwọn olóṣèlú alátakò ní England ni, Charles James Fox àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ìdí tí ẹ̀fẹ̀ yìí fi mú ni pé gbogbo ọmọ London ló ti jẹ àkàrà yẹn rí. Wọ́n mọ̀ pé wúrà ojú rẹ̀ kò ju kí a fi àtàǹpàkò ha á lọ. Wọ́n mọ̀ pé ó máa ń fọ́ nínú àpò ọmọdé. Gillray kò nílò kí ó ṣàlàyé pé adé tí Napoleon ń fún wọn kò ní ìpìlẹ̀. Akiri-ọjà kan tó ti kú ló bá a sọ ọ́. Ṣé ẹ rí i, ní ọjọ́ tí àwòrán yìí jáde gan-an ni William Pitt, olórí ìjọba England tó bá Napoleon jà jù, kú. Ọjọ́ burúkú fún ẹ̀rín.

Nígbà mìíràn pàṣán náà kéré, ẹni tí wọ́n fi nà kò sì jìnnà sílé. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1796, Gillray ya Lọ́ọ̀dù Sandwich lójú Bond Street, tó ń fa épúrọ́ọ̀nù ọmọbìnrin kan tó ń fi kẹ̀kẹ́ ẹrù ta kárọ́ọ̀tì. Ẹ má jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí kárọ́ọ̀tì dúró fún, ọmọdé wà níbí. Lọ́ọ̀dù náà ni wọ́n ń bú, kò sí àní-àní. Síbẹ̀, mo máa ń wo ọmọbìnrin yẹn. Ọjà rẹ̀ wà nílẹ̀, ọlọ́lá kan di aṣọ rẹ̀ mú láàárín títì, gbogbo ìlú sì ń rẹ́rìn-ín sí ọlọ́lá náà. Ẹ̀fẹ̀ ni fún ẹni tó ra àwòrán, wàhálà ojoojúmọ́ ni fún ẹni tó ń kiri. Gillray kò fi í ṣẹ̀sín, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kò tún fún un ní ohunkóhun láti sọ.

Àwọn kan wà ní àkókò kan náà tí wọ́n ń ya akiri-ọjà tẹ̀yẹtẹ̀yẹ. Francis Wheatley ló ṣíwájú wọn. Àwọn àwòrán rẹ̀ kọ́kọ́ hàn ní Royal Academy láàárín 1792 sí 1795, wọ́n sì tẹ 13 jáde. Aṣọ mọ́, ẹsẹ̀ mọ́, ọmọ tó ń ta òdòdó rẹwà bí ìyàwó tuntun. Wọ́n tà gan-an. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ páúdà Yardley láti ilé ìyá yín, àwọn olódòdó ara agolo yẹn, Wheatley ni. Ní 1913 ni ilé iṣẹ́ náà mú wọn, ó sì pààrọ̀ òdòdó ọwọ́ wọn sí lavender. Rowlandson rí gbogbo dídùn yìí, ara rẹ̀ ò gbà á. Ó ṣe àwòrán mẹ́jọ tirẹ̀ lọ́dún 1799, Ackermann, òǹtẹ̀wé, sì tẹ̀ wọ́n: ẹni tó ń ta tákúté eku, ẹni tó ń ta lẹ́bú bíríkì tí wọ́n fi ń fọ ọ̀bẹ, ẹni tó ń ta watercress, ewé inú omi tí wọ́n ń jẹ. Ojú wọn le, ara wọn ti wúlẹ̀, oníbàárà tó jáde sí wọn sì burú jù wọ́n lọ. Bí ẹ bá bi mí, ti Rowlandson ni màá gbé kọ́ sí ògiri. Paul Sandby ti gbìyànjú irú ẹ̀ ṣáájú, lọ́dún 1760, láìsí ẹ̀rín kankan; àwọn akiri-ọjà rẹ̀ ya aṣọ, wọ́n sì ń sọ̀kò ọ̀rọ̀. 12 péré ló tẹ̀. Kò tà. Ará London fẹ́ràn òtítọ́ bí ó bá ní ẹ̀fẹ̀ lára.

Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí àwòrán ẹ̀fẹ̀ ti jẹ̀bi pátápátá, n kò sì ní bò ó. Ìyẹn ni bí wọ́n ṣe ń ya àwọn Júù tó ń kiri ra aṣọ àlòkù. Ẹ máa rí i nínú àìmọye iṣẹ́ wọn: irùngbọ̀n, àpò lẹ́yìn, fìlà mẹ́ta tò léra lórí, imú tí wọ́n ti fà gùn. Níbí, akiri-ọjà kì í ṣe pàṣán mọ́, òun ni wọ́n ń nà. Ohun tí àwòrán náà kò sì jẹ́ sọ ni ìdí tí Júù fi pọ̀ nídìí òwò yẹn. Títí di ọdún 1830, City of London kì í fún Júù ní ẹ̀tọ́ ọmọ ìlú tó jẹ́ kí èèyàn lè ṣí ṣọ́ọ̀bù láàárín odi rẹ̀. Wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, ó gbé àpò kiri, wọ́n wá ń fi í rẹ́rìn-ín pé ó gbé àpò. Mo ti wo àwòrán bẹ́ẹ̀ láti wá ibi tí ayàwòrán ti ṣàánú, n kò rí i.

Nígbà tó yá, òfin náà dá sí i. Lọ́dún 1839, òfin ọlọ́pàá London fòfin de fífun ìwo àti lílu ohun èlò aláriwo láti fi polówó ọjà lójú títì. Lọ́dún 1864 ni wọ́n tún ṣe òfin míì lórí àwọn olórin títì, Charles Babbage, onímọ̀ ìṣirò tí wọ́n ń pè ní bàbá kọ̀ǹpútà, sì wà lára àwọn tó pariwo jù pé ariwo ti pọ̀ jù. Ẹ̀rín Hogarth ti di ẹjọ́. Láàárín àwọn òfin méjèèjì yìí, ní nǹkan bí ọdún 1850, oníròyìn kan, Henry Mayhew, ṣe ohun tí ayàwòrán kankan kò ṣe: ó bi àwọn akiri-ọjà léèrè ọ̀rọ̀. Ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́jọ kan tó ń kiri watercress, ìdì mẹ́rin fún pẹ́ńsì kan, sọ fún un pé òun kì í ṣe ọmọdé.

Ẹnì kan ti kọ̀wé sí mi ṣáájú kí n má gbàgbé àwọn adúláwọ̀. N kò gbàgbé. Lọ́dún 1817, John Thomas Smith tẹ ìwé àwòrán kan lórí àwọn alágbe ojú títì London. Joseph Johnson wà níbẹ̀, atukọ̀ adúláwọ̀ tó fara pa. Nítorí pé ọkọ̀ oníṣòwò ló bá ṣiṣẹ́, kì í ṣe ti ọba, kò sí owó ìfẹ̀yìntì Greenwich, tí wọ́n ń fún àwọn atukọ̀ ogun ọba, fún un. Ó kan ọkọ̀ ojú omi kékeré kan mọ́ orí fìlà rẹ̀, ó ń kọrin, á sì máa mi orí kí ọkọ̀ náà lè dà bí èyí tó ń gun ìgbì. Smith kò fi í ṣẹ̀fẹ̀.

Billy Waters kò ríbi bẹ́ẹ̀ sá sí. Adúláwọ̀ ni, ó ti sin iṣẹ́ ọkọ̀ ogun ọba, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan gé níbẹ̀. Ó ń fi ẹsẹ̀ igi dúró níwájú tíátà Adelphi, ó wọ fìlà oníyẹ̀ẹ́, ó ń fi fayolíìnì dá orin, ó ń jó. Lọ́dún 1821, Pierce Egan gbé Life in London jáde, ìtàn àwọn ọmọ olówó tó ń gbádùn ìgboro, George Cruikshank àti Robert, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ló ya àwòrán rẹ̀. Nínú ọ̀kan, àwọn ọmọ olówó náà díbọ́n wọ ibùba àwọn alágbe ní St Giles, Billy sì wà láàárín àwọn tó ń ṣe fàájì níbẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ di eré orí ìtàgé ní Adelphi, ilé gan-an tí ọkùnrin yẹn ń dúró síwájú rẹ̀. Lórí ìtàgé, Billy Waters di alágbe tó ń tan àwọn èèyàn jẹ lọ́sàn-án, tó wá ń ṣàríwísí oúnjẹ àsè lálẹ́. Ìlú rẹ́rìn-ín lọ rẹ́rìn-ín bọ̀. Ẹni tó bá jáde nínú tíátà lẹ́yìn ìyẹn tó sì bá Billy gidi níta, kí ló fẹ́ kó fún un?

Ó kú nílé àwọn aláìní ní St Giles lọ́dún 1823. Wọ́n ní ó ti fi fayolíìnì rẹ̀ dógò. Kò pẹ́ rárá tí bébà fi jáde lórí ikú, ìwé ìhágún àti ìsìnkú "Black Billy", àwọn akiri-ìwé sì gbé e, wọ́n ń polówó rẹ̀ kiri ní àwọn òpópónà tí ó ti ń jó.

Ó ti tó. Àwọn àwòrán tí mo dárúkọ wà ní British Museum, púpọ̀ nínú wọn sì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ lè sún wọn mọ́ ojú ju bí ẹni tó dúró níta ṣọ́ọ̀bù Humphrey ṣe lè ṣe lọ. Ta ló ní ìbéèrè?